Rọ́ọ̀gì Pẹpẹ ní Yàrá Ìsàlẹ̀

Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́ ilé tí mo ń gbé ní Ìgàndó sí. Bí ènìyàn bá dúró lójú títì, ilé ilẹ̀ lásán ló máa rí. Àfi bó bá gba ẹ̀yìn yọ ni yóò tó mọ̀ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Èmi ni mo wà ní apá tí ojú títì ò rí. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ni mo máa ń sọ̀ kí n tó kan ilẹ̀kùn mi, ìdí nìyí tí àwọn ayálégbé òkè fi ń pè mí ní Àǹtí Ìsàlẹ̀. Mi ò bínú sí orúkọ náà. Owó ilé ìsàlẹ̀ kéré sí tòkè, owó oṣù tísà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn.

Yàrá méjì ni mo ní. Èyí tí mo ń sùn sí, bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi ti gba gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ibi tí ènìyàn lè yí ẹsẹ̀ sí ò sí. Nínú yàrá kejì, tí mo ní lọ́kàn fún àlejò, mo bá rọ́ọ̀gì kan nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kó dé. Wọ́n sọ fún mi pé aláwọ̀ ewé ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń rùn bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú korobá tí wọ́n gbàgbé. Nígbà òjò, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, omi á yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá náà, mo ń bá ayé mi lọ nínú èyí tó kù. Tí kì í bá ṣe pé àlejò dé, ńṣe ni mo máa ń ṣe bí ẹni pé yàrá kan ni mo gbà.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, Mùsùlùmí tòótọ́ ni. Èmi náà Mùsùlùmí ni mo jẹ́ títí mo fi lọ́kọ. Ọkọ ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ ti bá tirẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ló kù sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi ò fìgbà kan bá mi jà lórí ẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó wá kí mi nígbà òjò, ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì náà, ó forí kanlẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, iwájú orí rẹ̀ ti tutù, omi ń ṣàn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nù ún. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun ń lọ sílé, pé àárò àwọn ewúrẹ́ òun ń sọ òun. Ewúrẹ́ méjì péré ló ní, ọ̀kan nínú wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀ ẹ́ kó dúró.

Ní ọdún tó kọjá ni aládùúgbò rẹ̀ pè mí lórí fóònù pé ìyá mi ti ń da ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Mo lọ mú un wá, a lọ rí dókítà ojú ní ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Ojú ọ̀tún ṣì ń ríran díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá fẹ́ kó tẹ̀lé èkejì rẹ̀ lọ, ìyá mi gbọ́dọ̀ dúró nítòsí fún oṣù mẹ́rin gbáko, kí àwọn máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnìkan sì máa bá a kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò ní oṣù kan tó fẹ́ fi palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́. Inú ọkọ̀ ní gáreèjì, lọ́jọ́ kejì tó ń padà lọ, ló ti bá mi sọ̀rọ̀ tòótọ́.

"Mo máa padà wá," ló wí. "Àmọ́ tí mi ò bá ríbi kírun lọ́dọ̀ rẹ, màá lọ sílé mi o. Kí ojú ó fọ́ tó bá fẹ́ fọ́."

Mo mọ ìyá mi. Kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bàbá onílé ń gbé lókè orí mi gan-an, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ bàtà nílẹ̀. Mo gòkè lọ kúnlẹ̀ kí i, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀gì fún un. Ó ní rọ́ọ̀gì kì í ṣe ara ilé, ẹrù ni, òun kì í sì í dá sí ẹrù ayálégbé. Mo ní bó bá jẹ́ ẹrù, ẹrù ta ni? Ó ní ti ẹni tó gbébẹ̀ kó tó kan èmi. Mo bi í bóyá ká pe ẹni náà kó wá kó o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà gígùn fún ojú ìyá mi, ó ní kí n máa lọ. Mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo ti sọ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn kí n tó bi ara mi pé kí gan-an ni mo dúpẹ́ fún. Àìsàn mi nìyẹn: àgbà ò lè bá mi sọ̀rọ̀ kí n má dáhùn pé ẹ ṣé.

Ọjọ́ Sátidé ni mo fi bíléèdì la rọ́ọ̀gì náà. Mo rò pé sìmẹ́ńtì ni màá bá lábẹ́ rẹ̀. Rọ́ọ̀gì mìíràn ni mo bá, aláwọ̀ ilẹ̀. Mo la ìyẹn náà, mo kan kápẹ́ẹ̀tì oníke olódòdó tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ló tẹ́ tirẹ̀ lé ti ẹni àná lórí, kò sẹ́ni tó kó ìdọ̀tí ẹnìkejì kúrò. Mo jókòó sórí àpótí, orí mi dàrú díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ilé ni mo ń tún ṣe tàbí sàréè ni mo ń hú. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó fi ọ̀bẹ họ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ku ọ̀rọ̀ omi. Bàbá onílé nawọ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó ní ilẹ̀ àdúgbò wa ló ń sun omi, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Obìnrin tó ń gbé ní yàrá ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ní kì í ṣe ojú lásán, kí n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Bíríkìlà tí mo pè ò dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ó pọn omi kún korobá, ó gun òkè àtẹ̀gùn, ó ní kí n dúró síwájú ilẹ̀kùn kí n máa wò, ó sì dà á sílẹ̀. Omi náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ́jẹ́ bí àlejò tó mọ̀nà, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi wọlé, ó yà sí yàrá kejì. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fura sí ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni omi ń gbà wọlé bá mi. Bíríkìlà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ó wo òkè sí fèrèsé bàbá onílé bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ ìdènà kékeré sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó la ojú omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Ọyẹ́ ń fẹ́ lásìkò náà, ó bá mi ṣe iṣẹ́ tó kù.

Owó tí mo tọ́jú fún rọ́ọ̀gì bá bíríkìlà lọ. Mo ṣì lọ sí Ìkòtún, mo dúró níwájú àwọn rọ́ọ̀gì tí wọ́n ká nàró, mo béèrè iye wọn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo bi ẹni tó ń tà á bóyá rọ́ọ̀gì náà máa ń fọ abọ́. Ó ní ó jọ pé ẹní ni mo wá rà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹní lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù kọ́ ni ènìyàn fi í gba ìyá rẹ̀ lálejò oṣù mẹ́rin. Mo padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé rọ́ọ̀gì tuntun ti dé fún pẹpẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́ wá rí ìyá ìjọ. Ìyàwó pásítọ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Mi ò sáré bẹ́ẹ̀ dé ibi pẹpẹ rí láti ọjọ́ tí mo ti di onígbàgbọ́. Rọ́ọ̀gì náà pupa, ó nípọn, kò sì ya. Níwájú nìkan ló ti jẹ, níbi tí àwọn ènìyàn máa ń kúnlẹ̀ sí fún àdúrà. Orúnkún wọn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi di kòtò méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Inú ìyá ìjọ dùn sí mi. Ó pe obìnrin méjì, wọ́n yí rọ́ọ̀gì náà ká, wọ́n gbàdúrà fún ilé mi, ó sì da òróró sórí àwọn kòtò náà.

"Má fọ̀ ọ́ o," ló sọ fún mi. "Bí àdúrà ṣe wà lára ẹ̀ yẹn ni kó o tẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣé, Mà," ni mo wí. "Mi ò ní fọ̀ ọ́."

Mo fẹ́ sọ fún un pé Mùsùlùmí ló máa lò ó, àmọ́ bí mo ṣe la ẹnu ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló bá mi gbé e délé. Ààfáà tó ń ránṣọ lójú títì níwájú ilé wa rí wa bí a ṣe ń já a sílẹ̀, ó bi mí pé níbo ni mo ti rí nǹkan tó dára bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ ìyá mi láti ìgbà tó wá kẹ́yìn, ẹni tí màá bi léèrè ni mo sì ti ń wá láti inú kẹ̀kẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bi í pé ṣé ìyá mi lè kírun lórí rọ́ọ̀gì pẹpẹ. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó ní bí ibẹ̀ bá ṣáà ti mọ́, kò sí ibi tí Ọlọ́run ò ti lè gba ìrun ènìyàn. Ara tù mí. Ó wá fi ìka kan òróró náà, ó gbé e símú.

"Ẹ fọ̀ ọ́ ṣá, Àǹtí," ló wí. "Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀."

"Ẹ ṣé, Ààfáà," ni mo dáhùn. "Màá fọ̀ ọ́."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn karùn-ún, rọ́ọ̀gì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láàárín wákàtí méjì, mo ti ṣèlérí fún àgbà méjì, ìlérí kan ò sì lè wà láàyè kí èkejì má kú. Bí mo bá fọ̀ ọ́, mo ti fọ àdúrà ìyá ìjọ dànù, irú ẹni tó sì máa ń wá kí ènìyàn nílé ni. Bí mi ò bá fọ̀ ọ́, ìyá mi lè gbóòórùn òróró, kó béèrè, kó gba gáreèjì lọ, kí ojú ọ̀tún sì tẹ̀lé tòsì. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà lórí ẹ̀, mi ò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ṣùgbọ́n tísà kì í sábà gbọ́ ti ara rẹ̀.

Ọgbọ́n tó sọ sí mi lórí ni pé kí n gé rọ́ọ̀gì náà sí méjì. Ó kúkú gùn ju yàrá lọ, kò sí bí mi ò ṣe ní gé e. Apá ẹ̀yìn tí òróró ò kàn, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Apá iwájú tó ní kòtò àti òróró, omi ò kàn án rárá. Báyìí, mo ti fọ̀ ọ́, mi ò sì fọ̀ ọ́. Fún ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi sá a, inú mi dùn sí ara mi. Nígbà tí mo wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo rí i pé èyí tí mo fọ̀ ti ṣì, ó rí bíi tòmátì tí kò tíì pọ́n dáadáa, èkejì sì pupa bí epo. Ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí rọ́ọ̀gì yìí. Mo dúpẹ́ pé ìyá mi ò ríran dáadáa, lójú ẹsẹ̀ ni ojú tì mí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo ń dúpẹ́ fún.

Èyí tí mo fọ̀ ló yẹ kó wà ní apá tí ìyá mi yóò kọjú sí. Gábàsì ni wọ́n ń kọjú sí láti kírun, èmi náà mọ ìyẹn láti kékeré. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tó rì wọlẹ̀ bíi tèmi, ìlà oòrùn kì í dé ọkàn ènìyàn. Mo wá rántí pé nígbà tó kírun níbẹ̀ lọ́dún òjò yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá náà ló kọjú sí. Mo tẹ́ èyí tí mo fọ̀ sí ọ̀dọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, mo tẹ́ olóróró sí ọ̀dọ̀ fèrèsé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ méjèèjì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà máa yẹ̀ kiri. Gọ́ọ̀mù náà gbẹ dáadáa. Òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́sàn-án ni ìyá mi dé. Mo lọ pàdé rẹ̀ ní gáreèjì. Ó fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dì í lápá mú, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ yàrá kejì, ó dúró. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ rọ́ọ̀gì náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé omi ló ń wá. Omi ò yọ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n bu omi àlùwàlá wá, pé ìrun Àìlà ti fẹ́ kọjá lórí òun.

Nígbà tó ṣe àlùwàlá tán, ó bi mí pé, "Níbo ni oòrùn ti ń yọ níbí?"

Ọwọ́ mi ti na kọ́bọ́ọ̀dù kí n tó ronú. Ọwọ́ náà ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí mo fi rántí pé ojú fèrèsé ni oòrùn àárọ̀ máa ń gbà wọlé. Èmi fúnra mi ni mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà lọ sí ògiri kejì, lẹ́yìn òjò ọdún yẹn, kí omi má baà jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òdìkejì gbáà ni mo tẹ́ rọ́ọ̀gì sí. Ìyá mi dúró, ó ń dúró dè mí. Kò rí ọwọ́ tí mo nà, ó kàn mọ̀ pé ọmọ òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni.

Mo dì í mú léjìká, mo yí i sí ọ̀dọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ibí ni, Màámi," ni mo wí.

Ó ṣàdúrà fún mi. Ó wá bi mí bóyá mo ní àga. Kò tètè yé mi. Ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí orúnkún òun ti kọ̀ fún òun, orí àga lòun ti ń kírun báyìí. Mo gbé àga oníke wá. Mo gbé e lé orí rọ́ọ̀gì tí mo gé, tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá mi sì jókòó lé e. Iwájú orí rẹ̀ ò ní kan rọ́ọ̀gì kankan, ìbáà jẹ́ ti ìyá ìjọ, ìbáà jẹ́ ti Ààfáà. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí, mi ò mọ èyí tí màá ṣe. Mi ò mọ ìgbà tí ìyá mi darúgbó tó báyìí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí etí láti bẹ̀rẹ̀ ìrun, ó kẹ́yìn sí ibi tí oòrùn ti ń yọ.

"Màámi, ẹ dúró ná," ni mo wí. "Irọ́ ni mo pa fún yín."

Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìyá ìjọ, Ààfáà, òróró, bíléèdì, kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tò lẹ́nu mi, mo ń fi ìparí ṣe ìbẹ̀rẹ̀, mo ń padà sẹ́yìn lọ mú èyí tí mo gbàgbé. Ó gbọ́ mi títí. Báàgì rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo ń wò, tí mo ń ro ìgbà tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kẹ́yìn máa ń gbéra.

"Òróró ò ba nǹkan kan jẹ́," ló sọ níkẹyìn. "Ṣé oṣù mẹ́rin gbáko lo fẹ́ kí n fi máa kẹ́yìn sí gábàsì, torí pé mi ò ríran?"

Ó dìde lórí àga, ó ní kí n mú òun lọ síbi tó yẹ kí òun wà. Mo mú un lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ojú ibi tí rọ́ọ̀gì méjèèjì ti pàdé, ó bọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà, ó sì dúró síbẹ̀. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ etí rẹ̀ yí ká. Ó wá èkejì, ó rí i. Ó bi mí pé kí ló jẹ rọ́ọ̀gì níbí, mo ní ibi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kúnlẹ̀ sí ni.

"Wọ́n kúnlẹ̀ o," ló wí. "Gbé mi sílẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n gbé àga wá. Ó ní òun ò béèrè àga. Mo gbá a mú lábíyá, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kérora, ó ń pe Ọlọ́run, títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi wọ inú kòtò méjì náà. Ó kírun níbẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n jáde tàbí kí n di ojú, nítorí náà mo kàn ń wò ó. Nígbà tó forí kanlẹ̀ kẹ́yìn, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo tẹ̀ síwájú láti wo ohun tó ṣe é. Ó gbórí sókè, ó parí ìrun rẹ̀, ó wá fi ìka kan iwájú orí rẹ̀, ó tún kàn án.

"Ó gbẹ," ló wí.

Kò lè dìde. Mo fà á, apá mi ò ká a. Mo ní kí n lọ pe Ààfáà wá ràn wá lọ́wọ́, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kò síbi tí òun ń sáré lọ. Mo jókòó tì í sórí rọ́ọ̀gì, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo kán oògùn ọ̀sán sí ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó di ojú náà fún ìgbà díẹ̀ bí dókítà ṣe kọ́ wa. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bá òun pe aládùúgbò òun lórí fóònù, mo sì rò pé ó fẹ́ sọ pé òun ti gúnlẹ̀ láyọ̀ ni. Ó kí i dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Ó wá ní kó bá òun ta ewúrẹ́ méjèèjì.